Dókítà Inú Fóònù Ẹ̀gbọ́n Mi

Ẹ̀yin ọmọbìnrin tí ẹ ń wá iṣẹ́ tí ẹ máa ṣe, ẹ jókòó kí n sọ tèmi fún yín. Iṣẹ́ tí mo ṣe títí irun mi fi funfun kò lórúkọ. Bí wọ́n bá bi àwọn ọmọ mi nílé ìwé pé iṣẹ́ wo ni ìyá wọn ń ṣe, àkọ́bí á ní iṣẹ́ taípù, èkejì á ní iṣẹ́ kọ̀ǹpútà, àbíkẹ́yìn á ní, "Ìyá mi máa ń bá àwọn obìnrin wá nǹkan." Àbíkẹ́yìn yìí ló sún mọ́ òótọ́ jù. Mo máa ń bá àwọn obìnrin Ajégúnlẹ̀ wá ọ̀rọ̀ nípa ìlera ara wọn lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ohun tí ojú mi sì rí níbẹ̀, ẹnu ṣì ń yà mí di òní olónìí.

Ọmọ Ìsẹ́yìn ni wá. Bàbá mi kó wa wá sí Èkó, ó ń ru ẹrù ní èbúté Kirikiri Lighter Terminal. Ìyá mi kú nígbà tí mo wà ní kékeré, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, Sàúdátù, ló tọ́ mi dàgbà. Òun ló ń dirun fún mi, òun ló kọ́ mi ní ìrun kíkí, òun náà ló bá mi sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ rí nǹkan oṣù mi. Ọ̀rọ̀ náà kò gùn. Ó ní, "O ti di obìnrin nìyẹn. Má jẹ́ kí ọkùnrin fọwọ́ kàn ọ́." Ó tán. Èmi náà kò bi í ní nǹkan kan, torí nílé wa, a kì í pe irú nǹkan bẹ́ẹ̀ lórúkọ.

Òun ló mú mi lọ kọ́ṣẹ́ taípù lọ́dọ̀ ìyá kan ní Ìjọrà tí gbogbo wa ń pè ní Màdáàmù. Ẹ̀yin tí ẹ ń sọ pé ọ̀gá yín le, ẹ kò tíì rí nǹkan kan. Màdáàmù máa ń fi aṣọ bo ọwọ́ wa mọ́ ẹ̀rọ kí a má baà rí lẹ́tà tí à ń tẹ̀. Bí ìka bá ṣìnà, rúlà ló máa bá a sọ̀rọ̀. Bí àṣìṣe kan péré bá wà nísàlẹ̀ ìwé, wàá ya ìwé náà, wàá tún un bẹ̀rẹ̀ látòkè. Mo sá wálé lẹ́ẹ̀kan. Ẹ̀gbọ́n mi fa etí mi padà lọ, ó kúnlẹ̀ bẹ Màdáàmù, ó wá yíjú sí mi pé, "Ẹni tó máa jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké." Bí mo ṣe ń sunkún ni mo ń tẹ̀wé lọ.

Èyí tó le jù lọ́wọ́ Màdáàmù ni ìbéèrè rẹ̀. Ẹni tó bá mú ìwé wá pé kí a bá òun tẹ̀ ẹ́, Màdáàmù á kọ́kọ́ wo ìsàlẹ̀ ìwé náà. "Ta ló kọ ọ́? Níbo ló ń gbé?" Ọkùnrin kan tó wọ kóòtù mú ìwé kan wá lọ́jọ́ kan, ó fi ń ba ẹnì kan jẹ́ níbi iṣẹ́, kò sì fẹ́ kí orúkọ tirẹ̀ hàn. Màdáàmù dá ìwé náà padà fún un. "Ọ̀rọ̀ tí ẹni tó sọ ọ́ kò lè dúró tì, ẹ̀rọ mi kò ní bá a sọ ọ́." Ó sì kọ́ wa pé ohunkóhun tí a bá tẹ̀, ẹnu wa kò gbọdọ̀ gbé e kọjá ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù. Ẹ kò lè gbà gbọ́ bí ìbéèrè ìyá yẹn ti wúlò fún mi tó nígbà tó yá.

Lẹ́yìn tí mo gba ìyọ̀ǹda lọ́wọ́ Màdáàmù, mo gba ṣọ́ọ̀bù ní Boundary, ní Ajégúnlẹ̀, láàárín ẹni tó ń ta táyà àti bábà tó ń gẹrun. Mo ń tẹ lẹ́tà fún àwọn awakọ̀ àti àwọn tó ń wáṣẹ́. Mi ò lówó, mi ò sì yáwó. Nígbà tí kọ̀ǹpútà dé, mo fi taípù mi ti ilẹ̀kùn, mo ra kọ̀ǹpútà àlòkù, mo fa íńtánẹ́ẹ̀tì wọ ṣọ́ọ̀bù, ó di káfè. Àwọn ọ̀dọ́ kún ibẹ̀ bámúbámú. Ariwo wọn kì í jẹ́ kí n gbọ́ ohun tí mò ń rò.

Ọ̀sán ọjọ́ Jímọ̀ nìkan ni ibẹ̀ máa ń dákẹ́, tí ọ̀pọ̀ ọkùnrin bá ti lọ kírun. Obìnrin kan ló fi ọjọ́ Jímọ̀ bẹ̀rẹ̀. Ó ṣe bí ẹni tó fẹ́ ṣe fọ́tòkọ́pì, ó fà mọ́ mi, ó ní, "Àǹtí, ṣé nǹkan yín yìí lè sọ ohun tí kì í jẹ́ kí oyún dúró lára èèyàn?" Mo bá a wò ó. Ní Jímọ̀ tó tẹ̀ lé e, ó mú ọ̀rẹ́ rẹ̀ wá. Kò pẹ́, ọ̀sán Jímọ̀ di ti àwọn obìnrin: ìyàwó onímọ́tò, Ìyá Ìjọ, ọmọge, ìyá àgbà. Kálukú á rọra sọ tirẹ̀ sí mi létí, èmi á wá ohun tí wọ́n ń pè é lédè òyìnbó, màá tẹ̀ ẹ́, màá sì ka èsì rẹ̀ fún un ní Yorùbá.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ohun tí mo kà! Ẹnì kan kọ ọ́ pé kí obìnrin fi álọ́ọ̀mù tí a fi ń mú omi tòrò wẹ ojú ara kó lè le. Òmíràn ní ìju inú ilé ọmọ á yọ́ bí ọṣẹ, á bá ìgbọ̀nsẹ̀ jáde. Òmíràn ní obìnrin tí ilé ọmọ bá ń ro, ìṣekúṣe ló ṣe. Wọ́n fi àwòrán dókítà sí i, wọ́n fi òdòdó sí i, ó dára lójú. Ìgbà náà ni mo rántí Màdáàmù, mo bẹ̀rẹ̀ sí í wo ìsàlẹ̀ kí n tó wo òkè. Ta ló kọ ọ́? Ilé ìwòsàn wo ló ti ń ṣiṣẹ́? Kí ló ń tà? Bí wọ́n bá dárúkọ àrùn lókè tí wọ́n sì ń ta ìgò nísàlẹ̀, mo ti mọ irú ẹni tó kọ ọ́. Mo máa ń wò ó bóyá ilé ìwòsàn ńlá méjì mẹ́ta tí kò mọ ara wọn rí sọ ohun kan náà. Èyí tó bá sì ní "ẹ lọ ṣe àyẹ̀wò" ni mo máa ń gbà gbọ́ ju èyí tó ní "mo ti mọ ohun tó ń ṣe yín." Èmi kì í ṣe dókítà, mo sì máa ń sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn títí ó fi sú wọn.

Nígbà tó yá, fóònù dé ọwọ́ gbogbo èèyàn, ó pa káfè. Mo rò pé àwọn obìnrin ò ní nílò mi mọ́. Irọ́ ni. Ìyàwó oníkẹ̀kẹ́ kan wọlé wá lọ́jọ́ kan, ó mú ìgò oògùn ojú dání. Ó ní òun fi Yorùbá bá fóònù òun sọ̀rọ̀, ó sì dá òun lóhùn. "Fóònù ní kí n ra èyí. Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, níbo gan-an ni kí n kán an sí?"

Mo ní, "Kí lo sọ fún un?"

"Mo ní ojú ń yún mi, omi funfun sì ń jáde níbẹ̀."

"Ojú wo?"

Ó wolẹ̀. "Ojú... ara." Ojú tì í láti pe ọ̀rọ̀ náà tán níwájú fóònù, fóònù sì gba ohun tó gbọ́ gbọ́. Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú èmi náà, ṣùgbọ́n bí mo ṣe ronú kàn án, ẹ̀rín náà kúrò lẹ́nu mi. Ó kù díẹ̀ kí ọmọ ọlọ́mọ kán oògùn ojú sí abẹ́! Mo ní kó gba kílíníìkì lọ, torí ohun tó lè fa irú rẹ̀ pọ̀, àyẹ̀wò ló máa sọ èyí tó jẹ́. Ó lọ, wọ́n tọ́jú rẹ̀, ó ti bímọ lẹ́yìn ìgbà náà.

Ṣùgbọ́n kí n tó ti ṣọ́ọ̀bù pa, èyí tó bà mí lẹ́rù jù dé. Ilé ara mi ló ti wá.

Ẹ̀gbọ́n mi ti di Alhaja nígbà náà. Ọkọ rẹ̀ ti kú, ó ń ta ìbòrí àti tẹ̀sùbáà, kò sí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n ní Boundary. Ó wọlé bá mi lọ́sàn-án Jímọ̀ kan, ó ń rẹ́rìn-ín bí ìyàwó ọ̀ṣìngín. "Múínà, wá gbọ́. Nǹkan mi ti padà wá."

"Nǹkan wo, Alhaja?"

"Nǹkan oṣù mi ni! Ó ti tó oṣù mélòó kan báyìí tí mò ń rí i. Ara mi ti padà di ti ọmọge, àlihamudulilai."

Nǹkan oṣù obìnrin yìí ti dáwọ́ dúró kí Ràfíù, àkọ́bí rẹ̀, tó gbéyàwó, ọmọ àkọ́bí náà sì ti ń lọ sí ilé ìwé girama. Mo bi í pé kí ló lò. Ó yọ ìgò kan jáde nínú báàgì, àgbo dúdú ni. Ó ní Dókítà Ìyá Ìtura ló ń fi ránṣẹ́, obìnrin kan tó mọ tinú obìnrin, tó wà lórí fóònù. Kí ẹ̀jẹ̀ náà má baà dá ló ṣe ń mu ún lọ.

Mo ti ka ọ̀rọ̀ yìí fún àwọn ẹlòmíràn tẹ́lẹ̀. Gbogbo ilé ìwòsàn gidi ló sọ ọ́ bákan náà: bí nǹkan oṣù bá ti dáwọ́ dúró ju ọdún kan lọ tí ẹ̀jẹ̀ tún wá, bó tilẹ̀ jẹ́ ẹ̀kán kan, kí obìnrin lọ rí dókítà kíákíá. Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló ń jẹ́ jẹjẹrẹ, ṣùgbọ́n jẹjẹrẹ ilé ọmọ máa ń fi ara hàn bẹ́ẹ̀. Mo ṣí i, mo kà á fún un. Ó gbọ́ ọ tán, ó ní, "Òyìnbó nìyẹn. Ara tiwọn yàtọ̀ sí tiwa."

Mo ṣí ti ilé ìwòsàn ilẹ̀ wa. Ó ní mò ń jowú òun.

"Alhaja, ẹ jẹ́ ká lọ sí ọsibítù. Ẹ̀ẹ̀kan péré."

Ẹ̀rín kúrò lójú rẹ̀. "Ọkùnrin ló wà níbẹ̀, Múínà. Láti ọjọ́ tí bàbá Ràfíù ti kú, ọkùnrin kankan kò rí ìhòòhò mi, kò sì ní rí i. Ìdí tí mo fi ń bá Dókítà Ìyá Ìtura sọ̀rọ̀ nìyẹn. Obìnrin bíi tèmi ni." Ó gbé báàgì rẹ̀, ó lọ.

Ẹni tó tọ́ mi dàgbà ń yọ̀ sí ohun tó lè pa á, mo sì mọ̀ ọ́n dáadáa, ẹnikẹ́ni kò lè fi ìjà yí i lọ́kàn padà. Ó yá, mo dá ọgbọ́n kan. Mo pè é, mo ní, "Alhaja, mo ti gbọ́. Dókítà tó ṣe wá lóore báyìí, ṣé kò yẹ ká lọ kí i?" Inú rẹ̀ dùn. Mo pe nọ́ńbà tó wà lára ìgò. Ohùn ọkùnrin ló gbé e. "Dókítà wà ní tíátà, wọ́n ń ṣe iṣẹ́ abẹ. Ìgò mélòó?" Mo ní a máa wá gbé e fúnra wa. Mo rò pé ó máa dárúkọ ibi jíjìnnà kan. Boundary ló dárúkọ, lẹ́yìn ibi tí àwọn kẹ̀kẹ́ máa ń dúró sí. A lè fi ẹsẹ̀ rìn débẹ̀ láti ṣọ́ọ̀bù mi!

Ẹ̀gbọ́n mi wọ léèsì, ó ra èso dàbínù sínú abọ́ tó mọ́, ó fi ìdérí dé e fún dókítà rẹ̀. Yàrá kan la bá, ìgò kún ilẹ̀, bàsíà àgbo wà láàárín. Ọkùnrin kan tó wọ síńgílẹ́ẹ̀tì jókòó ti tábìlì tí fóònù mẹ́ta wà lórí rẹ̀. Ó kí wa dáadáa. Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Dókítà la wá kí."

"Ẹ má bínú, mà. Ọwọ́ wọn dí. Ẹ rán mi níṣẹ́ sí wọn."

Mo ní, "Alhaja, ẹ fi ohùn ránṣẹ́ sí wọn pé a ti dé. Bí wọ́n bá gbọ́ ohùn yín, wọ́n á jáde." Ẹ̀gbọ́n mi gbé fóònù sí ẹnu, ó fi ohùn dídùn sọ̀rọ̀. Ọ̀kan nínú fóònù orí tábìlì náà dún. Ọkàn ọkùnrin yìí wà lórí ìgò tó ń dì, ọwọ́ rẹ̀ ti mọ́ ọn lára, ó tẹ fóònù náà láìronú. Ohùn ẹ̀gbọ́n mi jáde láti inú rẹ̀, ó kún yàrá: "Dókítà mi àtàtà, èmi Alhaja rẹ nìyí, a ti dé ẹnu ọ̀nà o."

Ẹ̀gbọ́n mi wo fóònù náà, ó wo ọkùnrin náà. "Ìwọ ni?"

"Mà, no vex. Ìyàwó mi ló ń dáhùn tẹ́lẹ̀, ó ti kó jáde. Na only reply I dey reply."

"Ìwọ lo bi mí bóyá ẹ̀jẹ̀ náà ki? Ìwọ ni mo sọ fún pé ojú..." Ó fa ìbòrí bo ojú, ó jókòó sórí kẹ́ẹ̀gì kan. "Súbùánálàhi! Ọkùnrin!"

"Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni, mà. Wàláhì."

Mo mú ìgò kan nílẹ̀. Mo ní, "Kí ló wà nínú ìgò?"

"Bàbá kan ló máa ń gbé e wá láti Ìjọrà. I no know wetin dey inside, Àǹtí. Èmi ò kí ń mu ún."

Ẹ̀gbọ́n mi dìde. Mo rò pé ó máa ké, mo rò pé ó máa gbá a létí. Ó gbé abọ́ dàbínù rẹ̀ kúrò lórí tábìlì. "Obìnrin ni mo rà á fún," ló wí, a sì jáde.

Nígbà tí a dé ẹnu ọ̀nà ilé rẹ̀, ó ní, "Múínà, àrùn tí o kà lọ́jọ́ yẹn, kí lo ní ó ń jẹ́?" Mo sọ ọ́. Ó pè é tẹ̀ lé mi, ọ̀rọ̀ tí kò pè rí láyé rẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, a lọ sí ọsibítù. Mo bi nọ́ọ̀sì tó wà níwájú bóyá dókítà obìnrin wà. Ó ní, "Ó wà o, mà. Ẹ jókòó." Ẹ̀gbọ́n mi yíjú sí mi, ẹnu rẹ̀ kò pa dé. Kò sẹ́ni tó sọ fún un rí pé èèyàn lè béèrè! Wọ́n wò ó, wọ́n bu díẹ̀ nínú ẹran ara ilé ọmọ lọ fún àyẹ̀wò, èsì rẹ̀ sì jáde: jẹjẹrẹ ni, ṣùgbọ́n kò tíì kúrò nínú ilé ọmọ. Dókítà náà, ọmọbìnrin tí mo lè bí, di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó sọ gbogbo rẹ̀ fún un ní Yorùbá, ó ní ẹ dé lásìkò. Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún un, wọ́n gé ilé ọmọ náà kúrò.

Bí ọ̀kan nínú yín bá fẹ́ ṣe iṣẹ́ tí mo ṣe, ìdí tí mo fi ń sọ èyí nìyẹn. Kíkà nìkan kò tó. Gbogbo ohun tí mo kà fún ẹ̀gbọ́n mi ló jẹ́ òótọ́, kò sì wọ̀ ọ́ létí, torí ìtìjú ló gbé e dé ọ̀dọ̀ òpùrọ́, èmi sì ń bá a sọ ti àrùn. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́, àbí? Bẹ́ẹ̀ la ṣe máa ń wí. A kì í bi ẹni tó dákẹ́ léèrè pé ta ló wà nítòsí tó lè gbọ́ ọ.

Nígbà tó ku díẹ̀ kí wọ́n dá a sílẹ̀, mo jókòó tì í ní wọ́ọ̀dù. Obìnrin kan wá kí ẹni tó wà ní bẹ́ẹ̀dì kejì, ara rẹ̀ yá mọ́ọ̀yàn. Ó bá ẹ̀gbọ́n mi dárò, ó wá na fóònù sí i láti fi dá a lára yá. "Mà, ẹ wo ìyá yìí. Ẹ wo bó ṣe ń dán! Ó ju ọgọ́ta ọdún lọ, nǹkan oṣù rẹ̀ sì padà wá."

Mo na ọrùn wò ó. Ẹ̀gbọ́n mi ló wà nínú fóònù náà, nínú ìbòrí aláwọ̀ ewé, pẹ̀lú ìgò lọ́wọ́, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Dókítà Ìyá Ìtura. Mi ò mọ̀ pé ó ti ya irú fídíò bẹ́ẹ̀ ránṣẹ́ sí wọn rí. Mo wo iye àwọn tó ti wò ó nísàlẹ̀: ẹgbẹẹgbẹ̀rún ni.

Obìnrin náà ò mọ̀ ọ́n. Ẹ̀gbọ́n mi ti rù, kò wé gèlè, ojú rẹ̀ ti jìn. Ó di fóònù náà mú, ó ń wo ara rẹ̀ bó ṣe ń rẹ́rìn-ín, títí ó fi tán.

"Èmi nìyẹn," ló wí.

Obìnrin náà rẹ́rìn-ín. "Rárá o, mà."

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹni tí kò jẹ́ kí èmi tó tọ́ rí ìdodo rẹ̀, ká aṣọ rẹ̀ sókè níbẹ̀, lójú gbogbo wọ́ọ̀dù. Ó fi ojú ọgbẹ́ náà hàn án láti òkè dé ìsàlẹ̀. "Ohun tó padà wá nìyí. Jẹjẹrẹ ni, wọ́n ti gbé e kúrò. Àbúrò mi, ṣé o ti mu tìrẹ ni?"

Ẹ̀rín obìnrin náà ti lọ. "Mo ti mu ún, mà. Ó ti wá. Ó ti wá lẹ́ẹ̀mejì." Ó di irin bẹ́ẹ̀dì mú. "Mà, ẹ̀rù ń bà mí."

"Ó yẹ kó bà ọ́," ni ẹ̀gbọ́n mi wí, ó sì na ọwọ́ sí mi kí n gbé òun dìde. "Jẹ́ ká jọ lọ bá dókítà."